Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ọ́tòmátíìkì ń fẹ́

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Surulere, mo sì ti pé ẹni ọdún 54. Ọkọ̀ mánúà ni mo ti ń wà láti ọdún 1998. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi ra Corolla tòkunbọ̀ kan fún mi, ọ́tòmátíìkì ni. Ní ọjọ́ kẹta tí mo gbé e jáde, bí mo ṣe ń wọ inú ọgbà wa, ọkọ̀ náà fò síwájú lójijì, ó sì kọlu ògiri. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Aládùúgbò kan ní kí n máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì. Ẹlòmíràn ní kí n máa fi jíà sí N, níbi tí ẹ́ńjìnì kì í ti í yí táyà, bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, kí epo má baà tètè tán. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n máa ṣe kí ọkọ̀ yìí má baà ṣe èmi tàbí ọmọ ọlọ́mọ léṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu, ìyá wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ògiri ni ọkọ̀ náà kọlù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà ní Yaba àti Ẹ̀búté-Mẹ́tta, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí ni mo sì máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ti mọ ọkọ̀ mánúà wà dáadáa kí wọ́n tó bọ́ sínú ọ́tòmátíìkì. Kò túmọ̀ sí pé ẹ kò mọ ọkọ̀ wà. Ohun tí ẹsẹ̀ yín ti kọ́ láti ọdún 1998 ni ọkọ̀ tuntun yìí kò bá mu.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń wọ ọgbà pẹ̀lú ọkọ̀ mánúà. Bí ẹ bá ti ń dín eré kù, ẹsẹ̀ òsì yín á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, bó bá sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, agbára ẹ́ńjìnì ti kúrò lára táyà nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá tilẹ̀ ṣèèṣì tẹ àsílérétọ̀, ìyẹn ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, dípò bíréèkì, ẹ́ńjìnì á kàn pariwo ni, ọkọ̀ kò ní fò. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí kílọ́ọ̀ṣì ti máa gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Nínú ọ́tòmátíìkì, kò sí alágbàwí bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá tẹ̀, òun náà ni ọkọ̀ yóò ṣe, lójú ẹsẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ìdí tí ọkọ̀ yìí fi ń rìn fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ọ́tòmátíìkì, láàárín ẹ́ńjìnì àti jíà, ìkòkò irin kan wà tí ó kún fún ọ́ìlì, tí ohun méjì tó dà bí abẹ̀bẹ̀ sì kọjú sí ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń yí abẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́, abẹ̀bẹ̀ yìí ń ti ọ́ìlì, ọ́ìlì náà ń yí abẹ̀bẹ̀ kejì, èyí tí ó ń gbé agbára lọ fún jíà. Láti ìgbà tí General Motors ti fi jíà ọ́tòmátíìkì sínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940 ni ọ́ìlì ti ń ṣe iṣẹ́ tí kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe. Nítorí ọ́ìlì yìí ni ọkọ̀ fi lè dúró ní D láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì kú. Nítorí rẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ fi ń yọ́ rìn, síwájú ní D, sẹ́yìn ní R, bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, bí ẹ kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan àsílérétọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ tí jíà sì wà ní D, ọkọ̀ yẹn kò dúró. Ẹ̀yin ni ẹ dá a dúró. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí ti inú gbólóhùn yìí jáde.

Ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn aládùúgbò tó ní kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ òsì yín kò mọ bí a ti ń rọra tẹ nǹkan. Títẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì fi kọ́ ọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fi tẹ bíréèkì lójijì ní Ojúẹlẹ́gba, gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ni yóò ta síwájú, dáńfó tó wà lẹ́yìn yín á sì wọlé bá yín. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn lójijì, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń nà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kan bá sì wà lórí bíréèkì tí èkejì wà lórí àsílérétọ̀, ẹ kò lè mọ èyí tí yóò borí. Ẹ wo apá òsì pátápátá níbi tí ẹsẹ̀ ń wà, ẹ ó rí ibì kan tí wọ́n ṣe fún ìsinmi ẹsẹ̀ òsì. Kí ó máa wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti jókòó títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni yóò ṣiṣẹ́. Ẹ fi gìgísẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní iwájú bíréèkì, kì í ṣe ní àárín bíréèkì àti àsílérétọ̀, kí ìka ẹsẹ̀ máa yí lọ sórí àsílérétọ̀ kí ó sì máa yí padà. Bí ẹsẹ̀ bá wà báyìí, bíréèkì ni ilé rẹ̀, àlejò ni ó jẹ́ lórí àsílérétọ̀. Òfin tí mo ń fún gbogbo ẹni tí mo ń kọ́ sì ni pé láti ẹnu géètì títí dé ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí, ẹ kò nílò àsílérétọ̀ rárá, àfi bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ga sókè. Ọkọ̀ á máa yọ́ rìn fúnra rẹ̀, ẹ̀yin á sì máa fi bíréèkì dín in kù. Ká ní ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì ní ọjọ́ yẹn láti ẹnu géètì ni, mo gbà pé ọkọ̀ náà ì bá má kọlu ògiri.

Kì í ṣe yín nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ni ọkọ̀ Audi 5000 pariwo pé ọkọ̀ náà ń fò fúnra rẹ̀. Nígbà tí àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ojú pópó níbẹ̀ gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1989, ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ọ̀pọ̀ irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, àsílérétọ̀ ni awakọ̀ tẹ̀ nígbà tí ó rò pé bíréèkì ni òun ń tẹ̀, bí ọkọ̀ sì ti ń sáré sí i ni ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgádágodo kan sí jíà, tí kò ní jẹ́ kí ó kúrò ní P, ibi tí a ń fi jíà sí bí a bá ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀, àyàfi bí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ní in, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí mẹkáníìkì ti yọ ọ́ dànù nítorí pé ó há. Ẹ dán ti yín wò: ẹ tan ọkọ̀, ẹ fa hándìbíréèkì, ẹ fi ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bíréèkì láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá gbìyànjú láti fa jíà kúrò ní P. Bó bá jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí ọmọ kankan tó wọ inú ọkọ̀ náà, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́ta lè fà á jáde pẹ̀lú.

Ẹ kíyè sí ohun tí ẹ ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ àti ohun tó wà nílẹ̀ ọkọ̀. Sílípáàsì máa ń yọ̀, bàtà onígìgísẹ̀ gíga kì í jẹ́ kí gìgísẹ̀ fi ìdí múlẹ̀, etí ìró sì lè kọ́ mọ́ bíréèkì. Ẹ fi bàtà pẹlẹbẹ kan sínú ọkọ̀ fún wíwà nìkan. Ike omi tó bá yí lọ sábẹ́ bíréèkì kò ní jẹ́ kí ó wọlé. Fúùtù-máàtì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ yín gan-an, kí ó sì kọ́ mọ́ ìkọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ́ méjì lé ara wọn. Ní California ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, máàtì tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà ni ó há àsílérétọ̀ Lexus kan mọ́lẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin inú ìdílé kan ṣoṣo ló kú, Toyota sì pe ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ padà nítorí máàtì.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa géètì, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan láti ṣí géètì ilé rẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó sì dá a lójú pé òun ti fi jíà sí P. N ló fi sí, kò sì fa hándìbíréèkì, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà síhà géètì. Bó ṣe kọjú sí géètì ni ọkọ̀ náà yí bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún un mọ́ irin. Egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, oṣù mẹ́rin ni kò fi lè rìn. Ọjọ́ tí mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn ni mo pinnu pé géètì ni màá máa kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn, kí n tó kọ́ ọ ní ojú títì.

Kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa hándìbíréèkì, ẹ fi jíà sí P, ẹ fi ojú ara yín rí P lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù olè máa ń mú ká fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìpa á ní alẹ́, ká lè tètè wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí ẹ dúró síbì kan tí iná wà, kí ẹ pe ẹni tó wà nílé kí ẹ tó dé àdúgbò, kí ó ṣí géètì sílẹ̀ dè yín. Kí ẹni náà jẹ́ àgbàlagbà, kí ó sì dúró sí ẹ̀yìn géètì tó ṣí, kì í ṣe sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín sáré wá pàdé ọkọ̀, bí inú rẹ̀ ti wù kó dùn tó pé ìyá àgbà ti dé.

Àwọn kan gbà pé P fúnra rẹ̀ ti tó láti dá ọkọ̀ dúró. Irin kékeré kan bí eyín ni P ń jù sínú jíà kí táyà má baà yí. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí ibi tó dà, eyín kékeré yìí nìkan ló ń ru gbogbo ìwúwo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi jíà sí N, ẹ fa hándìbíréèkì, ẹ rọra dẹ ẹsẹ̀ kí ìwúwo ọkọ̀ lé hándìbíréèkì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi sí P. Ẹ kò ní gbọ́ ìró líle tí jíà máa ń dún nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú un kúrò ní P lọ́jọ́ kejì. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, hándìbíréèkì ti dípẹtà nítorí àìlò. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wo ti yín.

Bí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ tan ọkọ̀ ní P pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, ẹ dúró díẹ̀ kí ariwo ẹ́ńjìnì wálẹ̀, ẹ yan D tàbí R, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí jíà náà wọlé, kí ẹ tó sọ hándìbíréèkì kalẹ̀ kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe yí láti R sí D nígbà tí táyà ṣì ń yí. Ẹ má ṣe yan jíà nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí àsílérétọ̀.

Ọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ó kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ ń gba Western Avenue lọ sí Costain yóò ti lo ọ̀pọ̀ nínú ayé ọkọ̀ yìí. Bí ìdúró náà kò bá ní ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀ ní D, kí ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì gbọn-in. Bí ẹ bá rí i pé ọkọ̀ kò ní lọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi sí N kí ẹ sì fa hándìbíréèkì, kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Èmi kò fara mọ́ kí ènìyàn máa yí D sí N, N sí D, ní gbogbo ìṣísẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé ọjọ́ kan ni yóò gbàgbé èyí tó wà nínú rẹ̀, tí yóò tẹ àsílérétọ̀ ní N, tí yóò rí i pé ọkọ̀ kò lọ, tí yóò wá fa jíà sí D pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Ewu tó wà nínú D ní tirẹ̀ ni àárẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti dúró lórí bíréèkì fún wákàtí kan máa ń dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, ọkọ̀ á sì yọ́ síwájú. Àwọn ọmọ tó ń ta omi òrá àti ìpékeré sì ń gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá. Ojúgun wọn ni báńpà yóò kàn. Ẹ máa fi àyè sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè rí ibi tí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú ti kan ilẹ̀.

Àyè yẹn yóò tún gbà yín ní Àpọ́ńgbọ́n, bí ẹ bá ń gun Afárá Èkó padà sílé, tí dáńfó iwájú bá yí padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó gbéra. Níbẹ̀, ẹ má ṣe fi àsílérétọ̀ gbé ọkọ̀ dúró lórí òkè bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Bíréèkì ni kí ẹ fi dá a dúró. Ọ́ìlì inú jíà ni ọkọ̀ ń sè bí ẹ bá fi àsílérétọ̀ gbé e dúró, ọ́ìlì tó bá sì jó kò lè dáàbò bo jíà mọ́.

Ní ti N nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó gbà yín ní ìmọ̀ràn yẹn kò mọ̀ pé ìdàkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní tí kọ̀ǹpútà ń pín epo fún, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àsílérétọ̀ ní D nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, kọ̀ǹpútà máa ń dá epo dúró, nítorí pé táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì lásìkò náà. Ní N, kò sí ohun tó ń yí ẹ́ńjìnì, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ máa fún un ní epo kí ó má baà kú. Epo tí ẹ rò pé ẹ ń ṣọ́ ni ẹ ń jó. Ju ìyẹn lọ, ní N, ẹ́ńjìnì kò bá yín fa ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́, bíréèkì nìkan ló kù, bí ẹ bá sì nílò láti sáré yẹra fún nǹkan, kò sí agbára nílẹ̀. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, ní D ni kí ẹ gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun kan tún wà tí ọ́tòmátíìkì máa ń fà: ọwọ́ ọ̀tún tó ń pa jíà tẹ́lẹ̀ kò ní iṣẹ́ mọ́, fóònù ni ó sì máa ń wá lọ. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí sítíárìn, kí fóònù wà nínú àpò ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Bí òjò bá rọ̀ tí omi sì kún ojú títì, bó ṣe máa ń rí ní Lẹ́kì àti Victoria Island ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ẹ wo táyà ọkọ̀ tó wà níwájú. Bí omi bá ti dé ìdajì táyà, ẹ yí padà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi sí L tàbí 2, àwọn jíà ìsàlẹ̀ tó wà fún ìrìn jẹ́jẹ́, kí ẹ rọra lọ láìdúró; bí ẹ bá jáde tán, ẹ rọra tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó gbẹ. Bí ẹ́ńjìnì bá kú sínú omi, ẹ má ṣe tún un tan. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí mẹkáníìkì wo ọ́ìlì jíà: bó bá ti dà bí ògì tí wọ́n po osùn díẹ̀ mọ́, omi ti wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò lè fẹ́ bá yín ti ọkọ̀ kí ó lè tàn. Ọ́tòmátíìkì kì í tàn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi okùn fà á, ẹ kọ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnì ló ń yí ohun tó ń pín ọ́ìlì káàkiri inú jíà, bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, jíà á máa lọ ara rẹ̀ ní gbígbẹ. Táyà iwájú Corolla yín gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé gbogbo ọkọ̀ náà.

Bí ọkọ̀ bá tún fò lọ́jọ́ kan, kí ohun tí ẹ ó ṣe ti wà lọ́kàn yín. Ẹ fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì, kí ẹ má sì gbé ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ti jíà sí N. Ẹ́ńjìnì á pariwo gidigidi, ẹ jẹ́ kí ó máa pariwo. Ẹ darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó dúró pátápátá, kí ẹ tó fi sí P kí ẹ sì pa á. Ẹ má ṣe yọ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, sítíárìn lè há.

Ẹsẹ̀ yín kò ní gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá ilé-ìwé yín ní òwúrọ̀ Sátidé mẹ́rin, nígbà tí kò bá sí akẹ́kọ̀ọ́, kí àgbàlagbà kan tó mọ ọ́tòmátíìkì wà jókòó tì yín. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ kan àsílérétọ̀ rárá: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ́ rìn, kí ẹ máa dá a dúró síbi òkúta tí ẹ bá fi sàmì, síwájú àti sẹ́yìn, títí bíréèkì yóò fi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ń wá. Ní Sátidé kejì, ẹ máa fi àsílérétọ̀ kún un. Ní ìkẹta àti ìkẹrin, kí ẹni tó jókòó tì yín máa pariwo “Dúró!” lójijì, kí ẹ sì máa wo ibi tí ẹsẹ̀ òsì yín wà. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé kò mira ní gbogbo ìgbà tó pariwo, ẹ lè gbé ọkọ̀ náà padà wọ inú ọgbà.